Níbo Ló Ń Tẹsẹ̀ Sí?

Àwòrán kan ló ń yọ mí lẹ́nu. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ó ń já kọ́nà nínú pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Ọkùnrin kan dúró lórí rẹ̀, ó di ọwọ́ alùpùpù mú gírígírí. Ọkùnrin kejì nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀, ẹrẹ̀ ti bo akoto rẹ̀ débi pé èèyàn ò rí ojú rẹ̀. Àwọn tó kọ̀wé sísàlẹ̀ àwòrán náà dárúkọ awakọ̀. Wọ́n dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì, wọ́n dárúkọ ilé iṣẹ́ tó jó irin ara rẹ̀. Ẹni tó nà gbalaja yẹn ò lórúkọ. Irin lórúkọ, èèyàn ò ní.

Wasp ni ilé iṣẹ́ tó jó irin náà. Àwọn ọdún 1960 ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Rhind-Tutt dá a sílẹ̀, ní Berwick St James, abúlé kan ní Wiltshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò jìnnà sí ibi tí àwọn òkúta Stonehenge wà. Alùpùpù ìdíje orí pápá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, pàápàá èyí tó ní sáìdìkà, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù títí tí méjèèjì fi di ara kan. Ẹ́ńjìnnì àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n sábà máa ń lò. Norton lẹlòmíràn ń fẹ́ nínú rẹ̀, ẹlòmíràn Triumph, nígbà tó yá Yamaha náà wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ Wasp ni kó jó irin tó máa gbé e. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ọkọ̀ náà fi máa ń jẹ́ méjì: Norton-Wasp. Ní àwọn ọdún 1970 tí BSA àti àwọn iléeṣẹ́ alùpùpù ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wó lulẹ̀, irin abúlé yìí ń gba ipò kìíní káàkiri Yúróòpù. Norton-Wasp ni Robert Grogg, ará Switzerland, fi sọ ara rẹ̀ di ẹni tí gbogbo pápá mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnìkejì yẹn ni mo ń bá bọ̀.

Kò níjòókòó. Pèpéle pẹlẹbẹ kan ló ń dúró lé, pẹ̀lú ọ̀pá irin mélòó kan tó lè dì mú. Bí kọ́nà bá yí sí apá ibi tí sáìdìkà wà, á ju gbogbo ara rẹ̀ síta kọjá táyà kẹta, kó lè fi ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, táyà yẹn á gbéra, ọkọ̀ á sì dojú dé. Bí kọ́nà bá yí sí apá kejì, á gba ẹ̀yìn awakọ̀ fara sọ́dá sórí táyà ẹ̀yìn. Níbi tí táyà ẹ̀yìn bá ti ń yí lásán nínú ẹrẹ̀, òun náà ló máa fà sẹ́yìn kí táyà lè rí ilẹ̀ mú. Awakọ̀ ò lè bojú wẹ̀yìn, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Nítorí náà, kò sí àṣẹ tó ń retí. Kí kọ́nà tó dé ló ti gbọ́dọ̀ wà níbi tó yẹ.

Ìgboyà ni mo kọ́kọ́ pè é. Nígbà tí mo rò ó lọ rò ó bọ̀, ìgboyà ò tó o. Ọkùnrin yìí ò ní bíréèkì, kò sì ní ọwọ́ tó máa lọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà. Awakọ̀ lè yí ọwọ́ alùpùpù bó bá ṣe wù ú. Bí ẹnìkejì bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, àwọn méjèèjì á bá ara wọn nílẹ̀. A máa ń sọ pé èrò gbẹ̀mí lé awakọ̀ lọ́wọ́. Nínú eré yìí, ẹ bá mi wò ó, ta ló gbẹ̀mí lé ta lọ́wọ́?

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé bó bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀? Òótọ́ ni. Daniël Willemsen, ará Netherlands, gba adé àgbáyé eré yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín ọdún 1999 sí 2012, kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ láti ọdún 1980 tí FIM, àjọ tó ń rí sí eré alùpùpù lágbàáyé, ti sọ ìdíje náà di ti àgbáyé, èèyàn méjì ló ń jẹ adé kan. Àjọ mọ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé sábẹ́ àwòrán ni wọn ò mọ̀.

Wẹ́dà, ẹni tó jó irin ọkọ̀ náà, mọ̀. Ohun tó wá yé mi nìyẹn. Kí iná tó kan ọ̀pá ìdìmú, ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ ro bí apá ṣe gùn tó, ibi tí orúnkún máa fara tì, ibi tí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ máa tẹ̀ tí kò ní yọ̀. Bí ọ̀pá bá fi ìka mẹ́rin jìn sí i, ọwọ́ ò ní bá a lásìkò. Ní Berwick St James, mo gbà pé ara ẹni tí kò níjòókòó yìí ni wọ́n ń fojú wọ̀n kí wọ́n tó gé irin.

Ibí yìí ni wẹ́dà kan ní Ìsẹ́yìn ti já wọ ọ̀rọ̀ mi, èmi ò sì pè é.

Bàbá mi ní alùpùpù kan. Bó bá di ọjọ́ ọjà, màmá mi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di Adó-Àwáyé. Ẹ̀gbẹ́ ló ń jókòó sí nítorí ìró. Àbúrò mi á wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò gàrí á wà lórí itan. Ẹsẹ̀ kan á rí irin kékeré tẹ̀, èkejì á máa mì dirodiro, ọwọ́ ló sì fi ń di sálúbàtà ẹsẹ̀ náà mú kó má baà já bọ́ sọ́nà. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síléèwé, àárín ni wọ́n máa ń há mi sí, ìyẹn ni mo fi mọ ohun tó ń ṣe. Bí a bá ti ń sún mọ́ ibi iyanrìn, á rọra sún ìdí sápá ọ̀tún kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀ rárá. Bí ewúrẹ́ bá fẹ́ ré kọjá, ìka rẹ̀ á ti kan èjìká ọkọ rẹ̀. A ò sì ní tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí àdúgbò á fi máa kí bàbá mi: "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, Bàbá Ṣadé!"

Orúnkún ẹsẹ̀ tó ń mì dirodiro yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dun màmá mi. Ó ní òun fẹ́ ibi tí òun máa tẹsẹ̀ méjèèjì lé. Ní Íńdíà, tí àwọn obìnrin onísárì náà ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, òfin ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1989 ti pàṣẹ pé kí alùpùpù tó ń gbé èrò ní ibi ìdìmú, ibi ìtẹsẹ̀, àti ohun tó bo táyà ẹ̀yìn kó má baà wé aṣọ mọ́ra. Ní tiwa, ọ̀dọ̀ wẹ́dà Ìsẹ́yìn yẹn ni bàbá mi gbé alùpùpù náà lọ.

Wẹ́dà ní òun ò ní jó nǹkan kan bí òun ò bá rí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. "Ẹ lọ mú ìyá wá." Ìyá dé, ó jókòó tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Wẹ́dà kúnlẹ̀, ó gbé àjákù irin sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Ó wá ní, "Ẹ ṣe bí ẹni pé a ti já sí kòtò, mà." Màmá mi ta gìrì, ọwọ́ rẹ̀ sì nà sẹ́yìn, ó ń wá ohun tó máa dì mú. Wẹ́dà wo ọwọ́ yẹn. Ó jó ibi ìtẹsẹ̀, ó sì tún jó ọ̀pá ìdìmú kan sí ibi tí ọwọ́ náà nà sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Nígbà tí owó dé, bàbá mi ní ti ibi ìtẹsẹ̀ nìkan lòun máa san, òun ò bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀pá. Wẹ́dà ní kò burú, òun á gé e kúrò. Màmá mi ò bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó gàrí sí wẹ́dà lọ́wọ́, owó méjèèjì pé. Ẹni tó kọ́kọ́ rí wa lọ́nà ilé rí irin tuntun tó ń dán lára alùpùpù. Bàbá mi ló kí: "Ẹ kú ìnáwó o!"