Òórùn Họ́ọ̀pù ní Faversham

Bí ọkọ̀ ojú irin bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù tó kọrí sí ìhà ìlà-oòrùn, ó máa ń lò ju wákàtí kan lọ kó tó dé Faversham, ní ẹkùn Kent. Ìlú kékeré ni. Àárín rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ apọntí Shepherd Neame wà, ọdún 1698 ni wọ́n sì ń kà sí ọdún ìdásílẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe òun ni mo bá lọ. Ìtàkùn kan ni mo lọ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀pù.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìtàkùn yìí ń gun okùn bí iṣu ṣe ń gun ọ̀pá, ṣùgbọ́n gíga tirẹ̀ lè ju mítà 5 lọ láàrin oṣù díẹ̀. Nígbà òtútù, ó máa ń kú pátá dé ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì tún hù lọ́dún tó ń bọ̀. Abo nìkan ni àgbẹ̀ ń fẹ́, torí òun ló ń so òdòdó tútù yọ̀yọ̀ tó jọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó kékeré. Ẹ ya òdòdó náà sí méjì, ẹ ó rí lẹ́búlẹ́bú pupa rúsúrúsú kan nínú rẹ̀. Ìkorò bíà àti òórùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ẹ̀gbọ́n tó gbà mí lálejò, wọ́n sì ń pọn bíà nílé, lítà 20 lẹ́ẹ̀kan. Òfin kò dí wọn lọ́wọ́: láti ọdún 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú ìwé àṣẹ kúrò lọ́rùn ẹni tó ń pọntí fún ara rẹ̀, bí kò bá ṣáà ti tà á. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí a bá se họ́ọ̀pù fún wákàtí kan, ìkorò rẹ̀ á jáde, ṣùgbọ́n òórùn dídùn rẹ̀ á bá ooru lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dúró kí ìwúkàrà parí iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó ki nǹkan bíi gíráàmù 50 sínú àpò aṣọ mímọ́, tí wọ́n á sì rì í sínú ọtí tútù náà fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bó bá pẹ́ jù, ọtí á máa run bíi koríko. Òyìnbó ń pe ọgbọ́n yìí ní “dry hopping”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ọtí ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀! Kì í ṣe tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ki họ́ọ̀pù sínú àgbá ọtí tí wọ́n ń kó lọ sí Íńdíà láyé ọjọ́un.

Ewu kan wà níbẹ̀. Họ́ọ̀pù lè ta ìwúkàrà jí padà, ìgò tí a bá tètè dé lè bẹ́. Ẹni tó bá sì ní ajá, kó má da èèrí họ́ọ̀pù síbi tí ọwọ́ ajá lè tó o, torí májèlé ni fún un.

Aládùúgbò wọn, ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ni wọ́n máa ń gbé ìgò àkọ́kọ́ fún. Màmá kì í mu ún. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ìyá wọn ń kó wọn wá láti ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án láti wá já họ́ọ̀pù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìyá àti ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, inú ahéré ni wọ́n ń sùn, òun náà sì ni ìsinmi wọn, títí ẹ̀rọ fi gba iṣẹ́ náà. Màmá sọ fún mi pé dúdú ni ìka ìyá àwọn máa ń dà, búrẹ́dì tí wọ́n bá sì fi ọwọ́ náà gé á máa korò. Họ́ọ̀pù tí a sè kò lè rán wọn létí èyí.

Ní ọdún 1878, ilẹ̀ họ́ọ̀pù ní Íńgíláǹdì ju éékà 70,000 lọ. Lónìí, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Àwọn ilé onígogoro tí wọ́n ti ń sá họ́ọ̀pù ṣì wà káàkiri pẹ̀lú fìlà funfun wọn lórí, àmọ́ ènìyàn ló ń gbé inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn báyìí. Àgbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń ra Goldings lọ́wọ́ rẹ̀ ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ oko.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ló dára jù, nígbà tí Faversham bá ń ṣe àjọ̀dún họ́ọ̀pù. Kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì wọ aṣọ alápá gígùn, torí ìtàkùn náà máa ń ha ara.