Mo ní máàkì ẹ̀ ti tó, àṣé mò ń tan ọmọ ọlọ́mọ ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, kí ọmọ ẹlòmíì má baà kó sí i.

Lọ́dún 2024, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe JÁǸBÙ, ó gba 228 nínú 400. Iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ojú wò, tí wọ́n ń sọ irú gíláàsì tó yẹ kéèyàn lò, tí wọ́n ń pè ní optometry, ló lóun fẹ́ kọ́. Kì í ṣe fáàrí o. Glaucoma ló fọ́ ojú ìyá wa, ọmọ yìí ló sì ń fà wọ́n lọ́wọ́ kiri ilé.

Ló bá gbé èsì ẹ̀ wá bá mi: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wò ó, ṣé wọ́n á gbà mí?"

Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kà á pé 140 ni JÁǸBÙ fọwọ́ sí lọ́dún náà pé yunifásítì ò gbọdọ̀ gbà kéèyàn má ní. Mo ní, "Lọ máa di ẹrù ẹ, o ti wọlé!" Ẹ̀gbọ́n mi pa adìyẹ lọ́jọ́ náà.

Àṣé géètì ìta ni 140, yàrá ṣì wà nínú. Yunifásítì tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ó wà ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ, ó wà n'Ílọrin, ó sì wà níbòmíì bíi mélòó kan. Àwọn ọmọ tó pọ̀ ló ń dù ú. Níbi tí ọmọ wa mú, àwọn tó gba 250 náà ń bẹ̀rù. Èyí tó burú jù ni pé kò múra sí ìdánwò tí iléèwé fúnra wọn tún ṣe, torí èmi ti ní ó ti wọlé. Orúkọ ẹ̀ ò jáde.

Kò bú mi. Ó kàn ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣé." Ẹ ṣé yẹn dùn mí ju èébú lọ. Èmi tí JÁǸBÙ lé lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gba Pólì lọ, ṣé kò yẹ kí n mọ̀ ni?

Tọ́mọ bá bi yín, ẹ má wo máàkì kan ṣoṣo. Ẹ béèrè iye tí ẹ̀ka yẹn gan-an fi gba ọmọ lọ́dún tó kọjá. Ẹ wò ó bóyá kírẹ́díìtì ẹ̀ pé nínú Gẹ̀ẹ́sì, Matimátíìkì, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàólọ́jì. Ẹ wo ìpínlẹ̀ ẹ̀, torí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ máa ń ya àyè sọ́tọ̀ fáwọn ìpínlẹ̀ tó sún mọ́ wọn. Kó sì múra sí ìdánwò iléèwé bíi ẹni tí ò tíì gba nǹkan kan.

Ọmọ náà ṣì ń kàwé. Lálaalẹ́ ni mò ń bi í ní ìbéèrè Físíìsì témi alára ò mọ̀ ọ́n. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí; èmi tó yẹ kí n jẹ́ ojú fún un, ńṣe ni mo dijú. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fẹnu wa ti ọmọ wa lulẹ̀.