Iná Tí Kì Í Kú Nítòsí Ughelli

Ní ọdún 2006, iṣẹ́ kan gbé mi dé Ughelli, ní ilẹ̀ àwọn Urhobo ní ìpínlẹ̀ Delta. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ wa tó wọ ìlú, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run pọ́n lápá kan. Mo bi dẹ́rẹ́bà bóyá igbó ló ń jó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun ni iná náà ti ń jó, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Bí wọ́n bá ń fa epo rọ̀bì jáde nínú ilẹ̀, gáàsì a máa bá a jáde. Epo ni àwọn ilé iṣẹ́ ń wá. Bí wọn kò bá fẹ́ kí gáàsì ṣòfò, àfi kí wọ́n ri páìpù gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò rà á, tàbí kí wọ́n tì í padà sínú ilẹ̀. Méjèèjì gba owó gidi. Ìṣáná kò gbówó. Èéfín iná náà a lọ para pọ̀ mọ́ ti àwọn ilẹ̀ mìíràn lójú òfuurufú, a sì dà bí kúbùsù tí kì í jẹ́ kí ooru ayé rí ọ̀nà jáde. Gáàsì tí kò bá jó tán tún wá burú ju èyí tó jó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́kadà kan gbé mi lọ síbẹ̀. Ooru rẹ̀ gbá mi lójú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ààrò búrẹ́dì. Àwọn obìnrin ni mo bá níwájú iná náà, wọ́n fi aṣọ wé orí, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń sá pákí tútù sórí àtẹ. Gààrí líle tí wọ́n ń pè ní kpokpo ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí oòrùn ìbá fi ọjọ́ púpọ̀ gbẹ, kíá ni iná yẹn ń gbẹ ẹ́.

Mo kí màmá àgbà kan, mo sì bi í bóyá inú wọn yóò dùn bí ìjọba bá pa iná náà. Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì ni a jọ ń sọ. Ó ní páànù ilé òun ti dípẹtà, ikọ́ kì í sì í fi àwọn ọmọ-ọmọ òun sílẹ̀, kí wọ́n yáa pa á. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó ní: “Ọmọ mi, bí wọ́n bá pa á lónìí, ta ni yóò ra igi ìdáná fún mi lọ́la?” N kò rí èsì fọ̀.

Kì í ṣe pé òfin kò sí o. Òfin ọdún 1979 ní kí sísun gáàsì dópin ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá yọ̀ǹda fún. Ibi ìyọ̀ǹda yẹn ni wọ́n ń gbà kọjá. Ní 1998, owó ìtanràn di náírà 10 péré lórí gáàsì tó kún àpótí 1,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níhà gbogbo. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ìtanràn bá kéré sí owó páìpù, èwo ni ẹ ó san? Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Benin dá àwọn ará Iwherekan, ní ìpínlẹ̀ Delta kan náà, láre. Ó ní sísun gáàsì tako ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè. Ìdájọ́ yìí ti wà nílẹ̀ kí n tó dé Ughelli, iná sì ń jó.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀. Wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òkun kó gáàsì láti Bonny lọ sókè òkun láti 1999, páìpù kan sì ń gbé e láti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ogun lọ sí Kutọnu, Lomé àti Gánà. Èyí tí Nàìjíríà ń sun ti dín kù gan-an sí ti ọdún 2000. Síbẹ̀ a ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sun ún jùlọ, nítorí ọ̀pọ̀ kànga epo fọ́n ká inú irà, gáàsì wọn kò sì pọ̀ tó ohun tí ẹnikẹ́ni yóò torí rẹ̀ ri páìpù. Ní 2018 ni ìtanràn di dọ́là 2 fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìṣirò náà, ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ fúnra wọn kọ ni ìjọba ń wò ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ mọ bí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.