Láti Àjàṣẹ́ dé Akpro-Missérété: Àyà Tó Gba Fàdákà, Orí Tó Ru Ẹrù

Bí a bá jáde kúrò ní Àjàṣẹ́ tí a kọjú sí àríwá, díẹ̀díẹ̀ ni ilé ń dín kù, tí igi ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i. Ilẹ̀ pupa, kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́yìn zémìjàn, àwọn ọmọdé tí ń kúnlẹ̀ kí àgbà lẹ́bàá ọ̀nà: a ti dé Akpro-Missérété nìyẹn. Àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rin ọ̀nà náà láti kọ́ ìtàn lórí ilẹ̀ tó ṣojú rẹ̀.

Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Atchoukpa wà. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin 1890, ọ̀gágun Terrillon àti àwọn jagunjagun Ọba Tòfà kojú ogun Béhanzin níbẹ̀. Ní 1892, Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, kó ogun Faransé gba àfonífojì odò Ouémé. Wọ́n jà ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, wọ́n wọ Àgbómẹ.

Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn náà, òfin jáde ní Parísì pé kí a ṣe àmì ẹ̀yẹ fún ogun Dàhòmì: fàdákà roboto, tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè àti dúdú. Ọdún kan náà, ní oṣù karùn-ún, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Àwọn ọ̀gágun tó tẹ̀ lé Scott náà gba fàdákà tiwọn, tí a kọ 1892 sí lókè. Tòfà pàápàá kò gbẹ́yìn: ní 1889 ni a dá oyè Ìràwọ̀ Dúdú sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ru ọta, oúnjẹ àti àgọ́ gba inú ẹrẹ̀ kọjá? Àwọn alárù ni, tí Tòfà pèsè láti agbègbè wa. Orúkọ Dodds wà nínú ìwé. Orúkọ alárù dà?

Ọmọbìnrin kan bi wá pé: “Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ni wá, àbí ọmọ ẹni tó bá wọn ṣẹ́gun?”

A dákẹ́ díẹ̀ kí a tó dáhùn. Ní 1886, Dàhòmì pa Kétu run, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ìṣubú Àgbómẹ ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn padà lọ tún ìlú wọn tẹ̀ dó. Ẹkún ẹnìkan wá di ayọ̀ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, ẹni tó tú wọn sílẹ̀ kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Tòfà wàjà ní 1908, àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ di olóyè lábẹ́ Faransé. Ọ̀rẹ́ tó bá wọn jagun náà pàdánù ìjọba rẹ̀.

Nítorí náà a dá a lóhùn pé: ọmọ àwọn méjèèjì ni wá, a sì tún jẹ́ ọmọ àwọn alárù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá rí irú fàdákà bẹ́ẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, ẹ má kẹ́gàn rẹ̀, ẹ má sì júbà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ná àwọn tí kò gba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá àgbà yín ní Vakon, ní Katagon, ní Gomè-Sota. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ àwọn tó ru ẹrù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.