Àwọn Òpó Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìkẹ́rẹ́

Ẹni tí ó bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó kò lè ṣe kí ó má gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá. Àpáta ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Olósùnta dúró gàgàrà lókè ìlú bí àgbà tí ń ṣọ́ ilé. Èrò ọkọ̀ a na ọwọ́ sí i, ẹni tí ó bá mọ ọdún rẹ̀ a ròyìn díẹ̀, kí ó sì tó parí ọ̀rọ̀, ọkọ̀ ti ń sún mọ́ Adó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ṣe ń kọjá níbẹ̀ láti ìgbà èwe, tí a kò sì mọ̀ pé òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìlẹ̀kùn ààfin ni ó gbé orúkọ ìlú náà dé Lọ́ńdọ̀nù àti Chicago.

Mo lo ọjọ́ méjì ní Ìkẹ́rẹ́ láìpẹ́ yìí nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo rí fún yín.

Ọlọ́wẹ̀ ni orúkọ agbẹ́gilére náà. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìkẹ́rẹ́, ni ó fi ṣe ilé. Ẹmẹ̀sẹ̀ ni ní ààfin Arínjálè, ẹni tí ọba ń rán níṣẹ́. Àṣé iṣẹ́ tí yóò jẹ́ títí ayé wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀! Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọba mìíràn, Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ náà sì ní kí ó wá ṣiṣẹ́ fún òun. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni ó gbẹ́ àwọn òpó àti ìlẹ̀kùn fún ààfin náà. Ní 1938 ni ó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ ààfin àtijọ́ rí mọ bí ó ti máa ń rí: àkọdi tí àárín rẹ̀ là sí ojú ọ̀run, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, òpó sì gbé etí òrùlé dúró. Lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ni ọba ń jókòó gba àlejò. Nínú àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́, ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Art Institute ní Chicago láti 1984. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọba jókòó lórí ìtẹ́, adé wà lórí rẹ̀, ẹyẹ sì bà lé adé náà. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ayaba kékeré kan kúnlẹ̀, Èṣù sì ń fun fèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn ọba! Olorì àgbà ni ó dúró níbẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì, ó gbé ọwọ́ lé ìtẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ọba gbà kí wọ́n gbẹ́ òun báyìí, títí wọ́n fi rán mi létí pé olorì àgbà ni ó ń gbé adé lé ọba lórí ní ọjọ́ ìwúyè. Bí ẹ bá sì wo òpó náà dáadáa, ẹ ó rí i pé obìnrin yìí gan-an ni ó ru òrùlé.

Ìlẹ̀kùn ní ìtàn tirẹ̀. Abala méjì ni. Ní abala kan, Ògògà jókòó láàárín àwọn ará ilé rẹ̀. Ní abala kejì, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ Captain Ambrose ń bọ̀ wá kí i, àwọn ènìyàn sì gbé e. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí wọn yọ jáde kúrò lára ìlẹ̀kùn. Ní 1924 wọ́n kó ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà: wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlẹ̀kùn sì dúró sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bínú sí ọba nítorí èyí. Èmi kò bínú sí i. Wọn kò fi ìbọn gbà á bí wọ́n ti fi gba ti Bìní ní 1897. Àmọ́ ẹni tí ó lè kan àga pọ̀ láyé, Ọlọ́wẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní.

Ní Amẹ́ríkà, ní Vermont àti Pennsylvania, àwọn afárá onígi kan wà tí wọ́n kọ́ òrùlé lé lórí bí ilé. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé kí òjò má pa èrò ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n igi afárá ni wọ́n ń bò. Afárá onígi tí kò ní òrùlé kì í pẹ́ kí ó tó jẹrà. Nínú àwọn tí ó ní òrùlé, ọ̀pọ̀ ti lo ju 100 ọdún lọ. Bákan náà ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa. A máa ń sọ pé òpó ló gbé òrùlé ró, òrùlé náà ni kò sì jẹ́ kí òpó rà. Bí ó bá ti ń jò, ikán ti wà lọ́nà.

(Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ààfin, kí ó kọ́kọ́ rí àwọn ẹmẹ̀sẹ̀. Ààfin kì í ṣe ọjà.)

Ọba nìkan kọ́ ni ó ń ní òpó oníṣẹ́ ọnà. Àwọn ìjòyè náà ń ní in. Ní ọjọ́ kejì, ẹnìkan mú mi lọ sí ilé àtijọ́ kan ní ìlú náà. Òpó mẹ́rin ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀: ẹlẹ́ṣin kan, abiyamọ kan, obìnrin méjì tí wọ́n kúnlẹ̀. N kò sọ pé Ọlọ́wẹ̀ ni ó gbẹ́ wọn o, ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbẹ́ wọn mọ iṣẹ́. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, wọ́n sì sá aṣọ lé abiyamọ lórí.

Ìyá àgbà kan jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Yèyé,” ni mo wí.

“Oo, ọmọ mi. Ta ni o ń wá?”

“Òpó yín ni mo wá wò, mà.”

“Òpó? Kí ló wà lára òpó? Ó ti gbó. Ọmọ mi tí ó wà ní Èkó ní bí òun bá dé ní ọdún Àjíǹde, ti sìmẹ́ńtì ni òun yóò fi rọ́pò wọn. Bí o bá ń fẹ́ igi ìdáná, kí o wá nígbà náà.”

Mo fi àwòrán òpó Chicago hàn án nínú fóònù mi. Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó wò ó títí.

“Obìnrin wo nìyí?”

“Olorì àgbà ni, mà.”

“Ó dára bẹ́ẹ̀.” Ó tún wò ó. “Wọn kò so ewúrẹ́ mọ́ tiwọn?”

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé bàbá ọkọ òun ni ó pe agbẹ́gilére wá, kí wọ́n tó gbé òun níyàwó dé ilé náà, àti pé ewé ni òrùlé nígbà náà, páànù kò tíì dé. Ó ní kí n fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ kí òun fún ọmọ òun, kí àwa méjèèjì jọ sọ ọ́.

Kí n tó lọ, mo fi ọwọ́ kan àwọn òpó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta le koko. Èyí tí ó wà ní igun, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ó kúnlẹ̀, inú rẹ̀ ti ń ṣófo, nítorí pé páànù ti ya lókè orí rẹ̀ gan-an. Mo ka ibi tí ó ń jò. Páànù mẹ́ta ni yóò gbà.