Ìpẹtà Inú Táǹkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ rí ní ìlú Abidjan. Ẹni tó jogún Peugeot 504 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lè kun ara ọkọ̀ náà ní ọ̀dà tuntun títí yóò fi máa dán. Ohun tó ń pa á kú lọ wà nínú táǹkì epo, níbi tí ojú kì í dé.

Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ yìí jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti fi Abidjan ṣe ilé láti ìran dé ìran. Lójú irú ẹbí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ bàbá kì í ṣe irin lásán. Ẹ̀rí ni pé òógùn ẹni tó re ìdálẹ̀ kò ṣègbé. Rírọ́pò rẹ̀ kò sì rọrùn mọ́, nítorí òfin tí ìjọba Côte d'Ivoire ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 fi ọdún 5 ṣe òpin ọjọ́ orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí a lè kó wọ ilẹ̀ náà.

Etí ọ̀sà àti òkun ni Abidjan wà, ọ̀rinrin kì í sì í wọ́n nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà lójú kan pẹ́ tí epo kò kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gba àyè tó ṣófo. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí irin tutù, ọ̀rinrin náà a sẹ̀ sára táǹkì bí ìrì. Omi wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ni yóò rọ̀ sí, ibẹ̀ ni irin yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Èépá ìpẹtà a bá epo lọ sínú fíltà àti kabúrétọ̀, ọkọ̀ a máa wúkọ́, a sì kú lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń pààrọ̀ fíltà léraléra nígbà náà. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ ni yóò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, fíltà kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ táǹkì kalẹ̀."

Wọn yóò fa epo inú rẹ̀ gbẹ, wọn yóò sì fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ léraléra. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú iná súnmọ́ ọn, nítorí táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ: oru epo tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń bú gbàmù. Wọn yóò ju ṣéènì kékeré sínú rẹ̀, wọn yóò sì mì í títí èépá yóò fi bọ́. Lẹ́yìn náà, wọn yóò rọ ọtí kíkan kún un mọ́jú kó lè jẹ ìyókù. Omi tí a po sódà kéèkì mọ́ ni yóò pa kíkan náà. Kíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbẹ, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ máa ń tètè dípẹtà padà.

Ohun kan wà tí ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìpẹtà ti jẹ irin lu, òun fúnra rẹ̀ ló sì dí ihò tó dá. Bí a bá fọ̀ ọ́ kúrò, táǹkì yóò máa jò. Kí ihò hàn lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ṣáà sàn ju kó hàn lójú títì lọ.

Èyí tó bá la ìwẹ̀ náà já kò ní ìtọ́jú mìíràn ju pé kí epo máa kún inú rẹ̀, kí ọkọ̀ sì máa rìn. Ọkọ̀ bàbá tí a fi aṣọ bò sábẹ́ ibòji nítorí ọ̀wọ̀, tí a kò wà jáde, ni ìpẹtà ń jẹ jù.