Kòkànyín

Láyé àtijọ́, Yorùbá a máa fi orúkọ ajá pòwe. Ẹni tí aládùúgbò bá ń múnú bí kò ní bá a jà. Ajá rẹ̀ ni yóò máa pè, ẹni tọ́rọ̀ kàn á sì gbọ́. Ìdí nìyẹn tá a fi sọ tiwa ní Kòkànyín.

Ọmọ oṣù méjì ni nígbà tó dé rúùmù àti pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Ọ̀kan nínú wa ń po ẹ̀kọ mọ́ ẹja fún un, èkejì ń nu ìtọ̀ nílẹ̀. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Bá a ṣe ń wọlé padà, ìyá kan nínú ọgbà ní, “Ajá lẹ gbé, ẹ ò gbé ọmọ.”

Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa rèé. Ọmọ ń wù wá. Àdúrà ń lọ, àyẹ̀wò ń lọ. Kòkànyín kì í ṣe ọmọ wa o. Ajá ni. Àmọ́ kó tó dé, bá a bá ti paná, oníkálùkù á kọjú sógiri. Ní báyìí, tó bá ń ké lóru, a jọ ń dìde ni. Ibi tá a ti ń rẹ̀ ẹ́ la ti ń bá ara wa sọ ohun tá ò lè sọ lọ́sàn-án.

Ẹnu wa ò gbà á láti dá àgbà lóhùn. Àmọ́ ajá gbọ́dọ̀ jẹun, àbí? Láràárọ̀ la ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tá a ń pè é kíkankíkan: “Kòkànyín o! Kòkànyín!”